Ẹ yàwòrán iṣan kí ẹ tó gé e

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò lè dìde lórí àga mọ́, tí kò lè gbọ́wọ́ sókè wé gèlè, ni làkúrègbé ń dà láàmú. Iṣan ara fúnra rẹ̀, ẹran ara tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé nǹkan, lè máa wú nínú: àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní myositis nìyẹn.

Bí dókítà bá kọ MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì yà, kí wọ́n ya ìbàdí àti itan méjèèjì. Oríṣi àwòrán MRI kan, T1, ń fi ọ̀rá tó ti gba ipò iṣan hàn. Oríṣi kejì, STIR, ní tirẹ̀ ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá, kí omi inú iṣan tó wú lè tàn funfun. Ibi tó tàn yẹn ni kí wọ́n ti gé ẹran fún àyẹ̀wò; àrùn yìí kì í mú gbogbo iṣan bákan náà, bí wọ́n bá sì gé ibi tó ti di ọ̀rá, èsì lè jáde lófo.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ọ̀fà, abẹ́rẹ́ ìdí tí a fẹ́ràn yìí ń da nǹkan rú gan-an. Ó lè gbé CK, èròjà tí iṣan tó fara pa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, sókè, ojú ibi tí wọ́n gún sì lè tàn nínú STIR bí àrùn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ẹ má sì dá prednisolone, oògùn tó ń dín ara wíwú kù, rà lò ṣáájú àyẹ̀wò: ó lè pa àmì àrùn náà rẹ́. Bí oúnjẹ bá ti ń ṣòro gbé mì, tàbí èémí ń há, ẹ má dúró de àwòrán kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwa olùkàwé yín,
Ìlọrin.