Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Wíìgì

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. A dúpẹ́, ara gbogbo wa le, ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, ọjà wọn sì ń tà. N kò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí ìbéèrè tí o kọ sí ìparí lẹ́tà náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. O ní àwọn tí ń wo fídíò oríkì rẹ ti lé ní 40,000 báyìí. O ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè ọ́ níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́, wíìgì aláwọ̀ eérú àti awò dúdú ńlá ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ọ. O wá bi mí bóyá irọ́ ni ò ń pa fún ayé, bóyá ó ti tó àsìkò kí o yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. O sì ní kí n rántí Hannah Montana, eré tẹlifíṣọ̀n tí a jọ ń wò nígbà kan.

Ta ni yóò gbàgbé? Ọdún 2008 ni, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ní ẹ̀yìn káńtà ìyá rẹ ní Mọ́kọ́lá níbí, níbi tí wọ́n to àwọn orí rọ́bà tí wọ́n dé ní wíìgì sí, tí tẹlifíṣọ̀n kékeré náà sì wà lórí àpótí, tí a fi ń wo àwo síídì nígbàkígbà tí iná bá dé. Ní ọjọ́ kan, o ṣí wíìgì aláwọ̀ wúrà kúrò lórí orí rọ́bà kan, o dé e, o fi píìnì ìyá rẹ há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, o sì sọ fún mi pé ìwọ kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o kò dáhùn. Ìgbà tí mo pè ọ́ ní Hannah ni o tó yíjú sí mi, o sì kọrin. Ohùn tó jáde lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin, níbi tí o ti máa ń fi ìwé orin bojú. Ó ga, kò gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé wíìgì kò sọ ohùn rẹ di ti ẹlòmíràn. Òun ló jẹ́ kí ohùn rẹ rí ọ̀nà jáde.

Nítorí lẹ́tà rẹ, èmi àti ọmọ mi ti tún ń wo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Miley Cyrus, ọmọbìnrin tó ṣe Hannah, nígbà tí Disney Channel kọ́kọ́ gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ó sì ti lé ní ọmọ ọdún 18 nígbà tí eré náà parí ní oṣù Kìíní ọdún 2011. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni aṣọ, orin àti àwàdà. Ohun tí mo ń rí báyìí ni iṣẹ́ tó wà nínú ìfarapamọ́ náà. Miley Stewart, ọmọ Tennessee tí bàbá rẹ̀ kó wá sí Malibu, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí alẹ́ bá lẹ́, ó dé wíìgì, ó di Hannah tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ti jẹ́ olórin tí ayé mọ̀ rí, ló ń kọ orin fún un, ó sì máa ń lẹ irunmú àtọwọ́dá mọ́ ètè kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Lilly ọ̀rẹ́ rẹ̀ já àṣírí náà ní apá àkọ́kọ́ gan-an, láti ìgbà náà ni òun pẹ̀lú ti ń dé wíìgì aláràbarà tí ó ń jẹ́ Lola, kí ó lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ibi tí Hannah ń lọ. Wíìgì Lilly yìí wú mi lórí ju ti Hannah lọ. Kò fi wá òkìkí kankan. Ó dé e kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà dá wà.

O bèèrè bóyá irọ́ ni. Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún bíi mẹ́jọ, egúngún kan jáde ní agbo ilé ìyá mi àgbà ní Ọjẹ́. Bí ó ti ń yí agbo po, mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ bàbá tí ń rán bàtà ní ẹnu ọ̀nà wa. Mo la ẹnu, mo fẹ́ pe orúkọ. Ìyá àgbà já mi léèékánná ní itan, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ mí lórí wálẹ̀, wọ́n ní, “Ará ọ̀run ni. Kúnlẹ̀ kí o gba àdúrà.” Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, bàbá náà ti jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá àgbà sì kí i kú iṣẹ́ bí ẹni pé wọn kò tíì fojú kan ara wọn láti àárọ̀. N kò ní sọ jù báyìí lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni wá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n purọ́ fún nínú agbo ilé náà lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, gbogbo wa sì gba àdúrà tí egúngún náà ṣe fún wa.

Nínú fíìmù Hannah Montana tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009, bàbá rẹ̀ mú un padà sí ìlú wọn ní Tennessee nítorí pé òkìkí ti ń gùn ún. Ó dúró lórí ìtàgé níwájú àwọn ará ìlú tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, ọkàn rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó sì ṣí wíìgì náà kúrò lórí. Àwọn ènìyàn náà kò bínú. Wọ́n ní kí ó máa bá a lọ gẹ́gẹ́ bíi Hannah, pé àwọn yóò bá a pa àṣírí náà mọ́. Nígbà tí mo wo ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èékánná Ìyá àgbà tún ta mí ní itan, omi sì bọ́ lójú mi níwájú ọmọ mi.

Síbẹ̀, n kò ní fi èyí tàn ọ́ pé kò sí ewu. Ewu wà, eré náà sì fi hàn kedere, ní apá kan tí ó dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ. Miley àti Lilly jọ béèrè àyè ní yunifásítì Stanford. Wọ́n gba Lilly, wọn kò gba Miley, nítorí pé nínú gbogbo ọdún tó fi kọrin yí ayé ká, kò sí ohun kan tí wọ́n lè kọ sí abẹ́ orúkọ Miley Stewart. Gbogbo òógùn rẹ̀ ti lọ sínú àpò Hannah. Lẹ́yìn èyí ni ó jókòó níwájú Jay Leno, atọ́kùn ètò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó ṣí wíìgì kúrò lórí níṣojú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òtítọ́ ló borí níbẹ̀. Lójú tèmi, gbèsè ló dé: wíìgì náà ti jẹ ohun tó yẹ kí ó jẹ́ ti ọmọ náà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi gbà á padà.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. O mọ̀ pé Ìbàdàn níbí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, orí tẹlifíṣọ̀n náà sì ni bàbá mi ti mọ Bàbá Sàlá aláwàdà, pẹ̀lú aago gbàǹgbà tó máa ń gbé kọ́ ọrùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, rédíò kéde pé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ti kú. Bàbá mi ní, “Ta nìyẹn?” Ó ku díẹ̀ kí wọ́n yí i sí ibòmíràn, ni rédíò wá dárúkọ Bàbá Sàlá. Bàbá mi dìde kúrò lórí àga, wọ́n ṣí fìlà, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin náà fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn kò sì mọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ dárò rẹ̀.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ìwé oríkì tí o ní ò ń kọ, èyí tí o gbà lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ kí wọ́n tó papò dà, má ṣe gbé e fún obìnrin oníwíìgì náà. Kọ orúkọ tìrẹ sí i lára, orúkọ bàbá rẹ pẹ̀lú. Kí obìnrin náà máa kì í lórí fídíò, ṣùgbọ́n kí ìwé jẹ́ tìrẹ. Mo sì fẹ́ mọ ẹni tí í ṣe Lilly rẹ ní Calgary, ní Kánádà lọ́hùn-ún. Nílé níbí, èmi àti ìyá rẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa jìn. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí ó rẹ̀ ọ́, tí o kò mọ èyí tí ìwọ jẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ó yẹ kí ẹnìkan wà nítòsí tí yóò pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́ láìbèèrè.

Ní ti pé kí o yọ ọ́ kúrò kí wọ́n lè rí ojúlówó rẹ, mo rò ó títí. Wo ọmọ tó ṣe eré náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, Miley, ni wọ́n fún ọmọ inú eré. Billy Ray Cyrus tó bí i lọ́mọ ló tún ṣe bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí a rò pé ó jẹ́ ojúlówó, tí kò dé wíìgì, tó ń jẹun ní ilé ìdáná, ẹnìkan ló kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ fún un. Ojú lásán náà lè jẹ́ ẹ̀kú egúngún. Bí o bá ṣí wíìgì lónìí nítorí pé wọ́n ń bèèrè, wọn yóò bèèrè ilé rẹ lọ́la, wọn yóò bèèrè ọmọ rẹ lọ́túnla. Ṣí i ní ọjọ́ tí ó bá wù ọ́, má ṣe ṣí i nítorí ìbẹ̀rù pé o jẹ́ onírọ́.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ ní Sátidé tó kọjá. Oníbàárà kan, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, jókòó, ó ń dúró kí wọ́n bá òun gé wíìgì tó rà, ó sì tan fídíò rẹ lórí fóònù. Oríkì ìbejì ni. Ohùn rẹ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó na fóònù sí ìyá rẹ, ó ní, “Mọ́mì, ẹ gbọ́ obìnrin yìí! Ta ni ẹ rò pé ó lè jẹ́?” Ìyá rẹ wo fóònù náà títí oríkì fi parí. Wọ́n wò mí, èmi náà wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú kóòmù, wọ́n dá ojú padà sí orí rọ́bà tó wà níwájú wọn, wọ́n ní, “Ọmọ ẹnìkan ni.”

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́.