Big Daddy tàbí End of Discussion: ẹ jẹ́ kí n dá sí i

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo rí lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò sí tòkunbọ̀ tó dáa tó Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, pé ariwo lásán làwa tá à ń wa Honda ń pa. Bàbá, ẹ má bínú o, ó jọ pé ẹ ò tíì wa Honda Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion rí ni. Èmi ń wa méjèèjì. Honda 2003 ni tèmi, Camry 2003 ni ti ẹ̀gbọ́n mi, tí ti ẹnì kan bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ti ẹnì kejì la jọ máa ń lò.

Ti ẹ́ńjìnì ò gba àkókò. 2.4 lítà ni méjèèjì, agbára ti Honda jẹ́ 160 horsepower, ti Camry 157, kí lèèyàn fẹ́ fi 3 ṣe? Jíà ló yàtọ̀, 5 ni ti Honda, Camry ọdún yẹn 4 ni, ó di 2005 kó tó ní 5, torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ já dánfó kan sílẹ̀ ní Ikorodu Road, Honda máa ń tètè dá yín lóhùn. Ti Honda tó ní V6, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́, 240 horsepower nìyẹn, àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ sọ́bsídì epo ní 2023, ta ló fẹ́ máa bọ́ ọ?

Kọ́nà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ kan mo gbé Camry ẹ̀gbọ́n mi gba Third Mainland, mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní Adéníji, mi ò sáré jù o, bí mo ṣe yí sítíárìn báyìí ni mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi, kúlà ẹ̀fọ́ rírò tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé sẹ́yìn bá dojú dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mọ́tò yẹn fi ń rùn irú. Tó bá jẹ́ Honda ni, ibẹ̀ yẹn kan náà, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ títì, ọwọ́ èèyàn á máa mọ ibi tí táyà wà.

Mẹkáníìkì mi ló fi sálúbàtà ẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ní Camry, shọ́ọ̀kù náà ló di táyà mú lókè, tí mọ́tò bá fì, táyà á bá a fì, ó bá dá sálúbàtà yẹn sí ẹ̀gbẹ́. Honda ní áàmù, irin tó di táyà mú, nísàlẹ̀, ó tún ní lókè, torí náà táyà á ṣì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ áàmù yẹn náà ló ń pa mí lówó. Gbogbo kòtò Ṣómólú ló mọ orúkọ mi, lónìí búùṣì, lọ́la ball joint, àwọn oríkèé áàmù yẹn, ará ọjà páàtì Ládípọ̀ kan ti ń pè mí ní kọ́sítọ́mà kí n tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Honda tún wálẹ̀ jù, kò sí bọ́m̀pù tí kì í fi inú gbá. Camry á kàn rọra kọjá ní tiẹ̀ ni. Tí bàbá bá ní Camry ń fara da ìyà, mi ò jiyàn, títì wa ni kò dáa. Àmọ́ kí wọ́n ní ó dùn ún wà ju Honda lọ, rárá o.

Ẹ bá mi sọ fún wọn, tó bá di àárọ̀ Sunday kan tí Third Mainland dá, màá fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Epo tiwọn ni o.

Òǹkàwé yín,
Ṣómólú, Èkó