Lẹ́tà sí àbúrò mi tó kó lọ sí etí òkun

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ilé á tù yín lára. Àmọ́ etí òkun Amẹ́ríkà lẹ kó lọ, àsìkò ìjì hurricane sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Ọkàn mi kò ní balẹ̀ bí n kò bá bá ọ sọ ọ́.

O ní bíríkì ni ilé náà, pé kò sí ìjì tó lè wó o. Kì í ṣe wíwó ilé ló ń bà mí lẹ́rù, omi ni. Nọ́mbà 1 sí 5 tí wọ́n ń fún ìjì, agbára afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ. Kò sọ bí òkun yóò ṣe ya wọ̀lú tó, kò sì sọ bí òjò yóò ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí ìjì Katrina dé ìpínlẹ̀ Louisiana ní 2005, ó ti rọ̀ sí nọ́mbà 3. Síbẹ̀, odi tí wọ́n mọ láti dènà omi ya, omi sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú New Orleans níbẹ̀. Àwọn kan sá gun òkè àjà, omi lé wọn débẹ̀, wọn ò rí ọ̀nà jáde.

Nítorí náà, kí o tó ra ohunkóhun, lọ wo ibi tí àdúgbò yín bọ́ sí lórí máàpù tí ìjọba fi ń pín àwọn tó gbọ́dọ̀ kúrò. Kí ìwọ àti ìyàwó rẹ fẹnu kò nísinsìnyí tí ojú ọ̀run ṣì mọ́: ilé ta lẹ ń sá lọ, ọ̀nà wo lẹ ó gbà, ta ni yóò gbé Màmá? Tí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò, ẹ má wo ohun tí aládùúgbò ń ṣe. Omi tó ń ṣàn, tí kò ju íǹṣì 12 lọ, lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ.

Bátìrì, tọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ inú agolo, ìwọ náà mọ ìyẹn. Omi mímu ni kí o má ṣahun sí: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹ tètè gba oògùn Màmá sílé. Pákó ni kí ẹ kàn mọ́ fèrèsé. Téèpù tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì kò wúlò rárá. Adójútòfò ilé lásán kì í sábà san owó omíyalé, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún omíyalé sì sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó múlẹ̀, torí náà má fi falẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? A ti bá a gbé láti kékeré, a sì rò pé a mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Mo bẹ̀ ọ́, má tàn án nínú gáréèjì, kódà kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìta ni kó wà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má kọ sí fèrèsé.

Tí ìjì bá sì dákẹ́ lójijì, tí oòrùn tiẹ̀ yọ, má jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde. Ojú ìjì, ìyẹn àárín rẹ̀ tó máa ń dákẹ́, ló dé orí yín. Apá kejì ń bọ̀, òdìkejì ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò sì ti fẹ́ wá.

Fi àdírẹ́sì ibi tí ẹ bá fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Tí Màmá bá ní àwọn ò kúrò nílé, pè mí, màá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ