Bí Àwọn Ọmọ Ti Lè Rìn

Ẹ kà: Jẹ́nẹ́sísì 33:12–17

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi,

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti gba họlidé ni ìwé àdúrà fún ìrìn-àjò ti ń pọ̀ nínú àpótí wa, inú mi sì dùn sí i. Nǹkan le, owó epo mọ́tò ga. Ẹni tó bá rí ọ̀nà kó ìyàwó àti ọmọ jáde fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ayé ló ń jẹ. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn àpọ́sítélì bọ́ sí apá kan kí wọ́n sinmi díẹ̀ (Máàkù 6:31).

Mo rí i pé ẹ kì í fẹ́ dá lọ mọ́. Ìdílé méjì tàbí mẹ́ta á dáwó, wọ́n á gba ilé kan pọ̀, ọ̀rẹ́ tí kò tíì gbéyàwó náà á bá wọn lọ. Láàárín wọn, ẹnìkan á gbé ọmọ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mọ́tò bá dúró.

Ìkògòsì ní Èkìtì ni ọ̀pọ̀ nínú yín kọ sínú ìwé. Ibi tó dára ni. Omi gbígbóná ń sun níbì kan, omi tútù ń sun níbòmíràn, àwọn méjèèjì sì ń ṣàn lọ pàdé. Àwa Onítẹ̀bọmi mọ ibẹ̀ tipẹ́, nítorí àwọn míṣọ́nnárì wa ló tẹ àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ dó síbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Ẹni tó bá gbéra láti Ìbàdàn á kọjá Ifẹ̀ àti Iléṣà, á yà ní Ìwàràjà, lẹ́yìn náà ló máa gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kọ́nà lórí kọ́nà ni. Ọmọ tó mu ọmú yó ní Iléṣà lè dá a padà sára ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó gun òkè tán. Nínú mọ́tò kan náà, ọ̀rẹ́ kan á ní kí wọ́n dúró ní Ẹ̀fọ̀n wo ibojì Àpọ́sítélì Babalọlá ti ìjọ C.A.C. (Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi). Òmíràn á ní Arinta ní Ìpólé-Ìlórò kò kúkú jìnnà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo bí omi ṣe ń já láti orí àpáta. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ léèrè?

Jékọ́bù bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè. Ẹ rántí irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́. Ó ti lo ogún ọdún nílé Lábánì, ó ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti agbo ẹran, Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú 400 ọkùnrin. Ìjà àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, omijé ayọ̀ kò tíì gbẹ lójú wọn. Ísọ̀ ní, ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ pọ̀. Ta ló máa kọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀? Jékọ́bù kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní olúwa òun mọ̀ pé àwọn ọmọ kò lera, àwọn ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú sì wà pẹ̀lú òun. Bí èèyàn bá dà wọ́n ní àdàjù ní ọjọ́ kan péré, gbogbo agbo ni yóò kú. Kí Ísọ̀ máa ṣáájú, òun á máa bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àwọn ọmọ ti lè rìn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Jékọ́bù bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, nítorí ìjàkadì òru ní Pénúẹ́lì, níbi tí itan rẹ̀ ti yẹ̀. Òun gan-an kò lè sáré. Síbẹ̀ kò dárúkọ itan rẹ̀ fún Ísọ̀, ọmọ ló dárúkọ. Àwa bàbá òde òní, bó bá rẹ̀ wá, a máa ń kígbe. Bó bá rẹ ọmọ, a ní ìyá rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. (Bóyá Jékọ́bù tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti dé Séírì, ilẹ̀ Ísọ̀, rárá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ọjọ́rú.)

Ó dáa, ẹ ti dé. Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí, kálukú ń fa àpò, ẹnìkan ń ya fọ́tò, àwọn ọ̀dọ́ ti ń béèrè ọ̀nà ibi omi. Ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ṣùgbọ́n lásìkò yìí, igba ojú lè wà lára ẹrù. Ẹ yan ẹnìkan, ẹ dárúkọ rẹ̀ sókè, kó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá kí ìyá tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kó má sì gbé e sílẹ̀ títí yàrá á fi wà létò. Ẹlòmíràn kó wọ yàrá lọ wo fèrèsé, kó so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kó sì béèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bó bá jẹ́ abẹ́ fèrèsé yín ni, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá mìíràn. Èéfín yẹn ní gáàsì tí a kì í gbóòórùn, tó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ má tijú láti yọ onílé lẹ́nu lórí èyí.

Nípa omi, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bu omi Ìkògòsì lọ sílé fún ìwòsàn. Èmi kò bá yín jà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá ti tó o, kò nílò omi ìsun kankan bó ti wù kí omi náà lókìkí tó. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ kò gbé ọmọ dání, ẹ máa lọ síbi omi. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ jókòó. Ísọ̀ padà lọ sí Séírì lọ́jọ́ náà gan-an, Jékọ́bù yà sí Súkótù, ó kọ́lé, ó pàgọ́ fún ẹran rẹ̀. Ìgbà tí Ísáákì bàbá wọn kú, àwọn méjèèjì ló jọ sin ín. Ọ̀rẹ́ kò bàjẹ́ nítorí pé ẹ kò jọ wẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹ máa pe ìyá ọmọ láti ìta pé “ṣé ẹ ò tíì múra ni?”, kí ẹ sì dé lálẹ́ kí ẹ bi í pé kí ló sè.

Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin ọkọ wí díẹ̀. Mo ti rí àwọn ìyá tí wọ́n ti họlidé dé pẹ̀lú ojú wíwú. Nílé, ó ní ibi tí fláàsìkì wà, ó ní aládùúgbò tó lè bá a gbọ́mọ. Lọ́hùn-ún, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé omi kaná, ọkọ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tó ń jẹ ẹran. Alẹ́ àkọ́kọ́, ìwọ ni kó o pààrọ̀ pámpásì. Ìwọ ni kó o pọn ọmọ tó bá ń ké, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Kí ìyá ọmọ wẹ̀, kó jẹun gbígbóná, kó sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbéra lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ Sunday fún àdúrà, pẹ̀lú awakọ̀ yín bó bá ṣeé ṣe. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa, ní nẹ́ẹ̀tì kékeré ti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n lè yá yín. Ẹ bi wọ́n nínú yàrá ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà, nítorí àwọn ìdílé mìíràn ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni ti yín nínú Olúwa,
Olùṣọ́-àgùntàn yín