Lẹ́tà sí Ìyá Àgbà tó ń se ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà Ọba

Ìyá àgbà, mo kúnlẹ̀ o. Ṣé ara ti le?

Lọ́jọ́ tí mo wá kẹ́yìn, ẹ bi mí pé kí gan-an ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo ní "kẹ́mísìrì", mo sì tẹjú mọ́ fóònù mi. Ẹ má bínú. Ọṣẹ ni mò ń kọ́, ọṣẹ tí ẹ ti ń sè kí wọ́n tó bí màmá mi.

Tí ẹ bá fọ abọ́ elépo, omi á funfun bí omi ògì. Ẹ̀kán epo ibẹ̀ ṣì tóbi ni, ìmọ́lẹ̀ ń kọlù wọ́n, ó ń fọ́n ká. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ bá pọ̀ tó, tó sì bá epo náà mu, ẹ̀kán á kéré débi pé omi á mọ́ kedere, epo ò sì ní léfòó mọ́. Ẹ̀kán kan lè má ju nánómítà 10 lọ: ẹ to 100,000 wọn síra, mìlímítà 1 péré ni. Onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Schulman, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ irú àdàlù yìí ní microemulsion ní 1959. Awọ ọṣẹ tó bo ẹ̀kán yìí kì í sinmi. Ó ń wú, ó ń sún kì, bí ikùn ìkókó tó ń sùn.

Tí a bá wá dà á sínú ohun oníhò ńkọ́? Ẹ wo àmù yín tó ń làágùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Dígí oníhò ni tiwa, ihò rẹ̀ sì kéré ju ti amọ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀kán tó wọ ibẹ̀ dà bíi yín tí ẹ ru igbá ọṣẹ gba ọ̀nà tóóró àárín ilé méjì: ìgbọ̀nwọ́ ń ha ògiri. Bó bá fẹ́ sún, ó ní láti ti omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ògiri ò sì gbà kó lọ. Ìrìn rẹ̀ á falẹ̀.

Ibi tó ń gba oorun lójú mi nìyí: ògiri fúnra rẹ̀ lè jí ọṣẹ. Àwọn ọṣẹ kan máa ń lẹ̀ mọ́ dígí, nítorí náà ohun tó wà nínú ihò lè má jẹ́ ohun tí a dà sí i mọ́. Bó bá falẹ̀, ṣé ìhámọ́ ni, àbí àdàlù ló ti yí padà? Nútírọ́ọ̀nù, èérún tíntín inú átọ́mù, ni wọ́n fi ń wo gbígbọ̀n awọ náà (Ferenc Mezei, ọmọ Hungary, ló gbé ọgbọ́n ọ̀hún jáde ní 1972), kò sì sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Àwọn tó ń fi ọṣẹ lé epo rọ̀bì jáde nínú àpáta náà ń fẹ́ ìdáhùn yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, àmù kejì tó ti sán yẹn, ẹ má jù ú nù. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ mú àfọ́kù kan níbẹ̀.

Ọmọ-ọmọ yín