Ọ̀kọ̀ tó wà níbi ìrọ̀rí Sọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun o. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n kọ lọ́sẹ̀ yìí kọ́ nìyí, ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ (ìyẹn ṣì ń bọ̀, ẹ má tíì yọ̀), ṣùgbọ́n látìgbà tí olè ti wọ ilé ẹni méjì nínú wa láàárín oṣù kan, gbogbo ẹni tó bá ti dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ìbéèrè kan náà ni: Pásítọ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá ní ìbọn nílé? Bàbá kan tiẹ̀ fà mí lọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ti ní in tẹ́lẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí ló wà, ọta wà nínú ẹ̀, àwọn kàn fẹ́ kí n gbàdúrà sí i ni. Mo ní bàbá, kì í ṣe ìbọn ni mo máa gbàdúrà fún, àwọn tó ń sùn nínú ilé pẹ̀lú ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n tètè dáhùn kẹ́ẹ má baà rò pé mò ń sá: kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn ṣọ́ ilé ẹ̀. Ẹni tó bá ní àdúrà nìkan ti tó, kó ka Nehemáyà 4, àwọn èèyàn yẹn gbàdúrà, wọ́n sì tún yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán-tòru, àwọn tó ń ru ẹrù fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ wọ́n fi ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Sólómọ́nì ọba, 60 alágbára ọkùnrin ló yí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ká, oníkálukú pẹ̀lú idà nítan, Bíbélì sì sọ ìdí ẹ̀, ó ní nítorí ẹ̀rù òru (Orin Sólómọ́nì 3:8). Ẹ̀rù òru yẹn kan náà ni Sáàmù 91 tá a máa ń ké tantan ní ìdájí ní ká má bẹ̀rù. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo gún ẹlòmíì lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àmọ́ ibi tí ọkàn mi dúró sí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni 1 Sámúẹ́lì 26. Sọ́ọ̀lù kó 3,000 àṣàyàn ọkùnrin lẹ́yìn, ó ń wá Dáfídì kiri nínú aginjù Sífì, ilẹ̀ ṣú, ó sùn, ó fi ọ̀kọ̀ ẹ̀ gúnlẹ̀ síbi ìrọ̀rí ẹ̀ gan-an, Ábínérì olórí ogun sùn tì í, àwọn tó kù sùn yí wọn ká. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sìkíọ́rítì ni, kí lẹnì kan tún ń wá jù bẹ́ẹ̀ lọ? Dáfídì àti Ábíṣáì rọra rìn wọlé, kò sẹ́ni tó mira. Ohun tí Ábíṣáì wá sọ ló máa ń ṣe mí bákan, ó ní kí Dáfídì jẹ́ kí òun fi ọ̀kọ̀ gún ọkùnrin yìí mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ò ní gún un lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kọ̀ wo? Ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ló wà níwájú wọn yẹn, èyí tó gbé síbi orí kí ọwọ́ ẹ̀ lè tètè bà á! Ohun tó bá súnmọ́ ọwọ́ yín lóru, ó súnmọ́ ọwọ́ ẹni tó bá wọlé náà, tí ẹ̀yin bá sì wà lójú oorun tí òun ò sùn, òun ló súnmọ́ ọn jù.

Ó tún kù. Ẹ ṣí ìwé yẹn padà sẹ́yìn díẹ̀. Orí 18, Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí Dáfídì níbi tó ti ń ta háàpù fún un. Orí 19, ó tún gún un, ọ̀kọ̀ wọ ògiri, Dáfídì sì ti di àna ẹ̀ nígbà yẹn. Orí 20, wọ́n jókòó ti oúnjẹ, inú bí i sí Jónátánì ọmọ bíbí ẹ̀, ó ju ọ̀kọ̀ sí i. Orí 31, idà ara ẹ̀ ló ṣubú lé tó fi kú. Bíbélì ò sọ pé ọ̀kọ̀ kan náà ni ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni. Àna, ọmọ, ara ẹ̀. Mi ò sì rí ibì kankan nínú ìtàn yẹn tí wọ́n ti ní ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù kan ọ̀tá.

Ohun tí àwọn dókítà náà rí nìyẹn. Lọ́dún 1993, New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde tí dókítà Arthur Kellermann ṣáájú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ewu kí wọ́n pa èèyàn nínú ilé tí ìbọn wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilé tí kò sí, ẹni tó sì ń pààyàn yẹn kì í sábà jẹ́ àlejò, ará ilé ni, tàbí ẹni tí wọ́n jọ mọra dáadáa. Àwọn kan ti bá wọn jiyàn, wọ́n ní bóyá ilé tó ti léwu tẹ́lẹ̀ ló ń wá ìbọn lọ, ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, nínú àwọn tí ìbọn ń pa lọ́dọọdún, àwọn tó yìn ín lu ara wọn ju ìdajì lọ, orí 31 rèé o. Tí ẹnì kan bá wà nílé yín tí ọkàn ẹ̀ wúwo báyìí, tí kì í sùn mọ́, tó ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ gbé ìbọn yẹn kúrò nílé, mi ò ní kẹ́ẹ tì í pa o, mo ní kẹ́ẹ gbé e kúrò, títí ara ẹni náà á fi yá. Ẹ sì pè mí, aago yòówù kó jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ràn Ẹ́kísódù 22 (ẹ mọ ara yín), òótọ́ ni, ẹsẹ 2 ní tí wọ́n bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń fọ́lé tí wọ́n sì lù ú pa, kò sí ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹni tó lù ú. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ ka ẹsẹ 3: tí oòrùn bá ti là, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Olè kan náà, ilé kan náà, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, torí lóru èèyàn ò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ohun tó mú dání, kò rẹ́ni ké sí, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ojú ń rí, ẹnu sì lè pe aládùúgbò. Ó wá ń yé mi pé ẹni tó ní iná lónìí tó kọ̀ láti tàn án, kò lè dúró níwájú Mósè kó ní òru ló ṣú.

Ní ìdájí ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2013, Oscar Pistorius, eléré ìje ọmọ South Africa yẹn, yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹrin gba ara ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nínú ilé ẹ̀ ní Pretoria. Ó ní òun rò pé olè ló wọlé. Reeva Steenkamp ni, olólùfẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ò pè é ní ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, àmọ́ nínú oṣù kejìlá ọdún 2015 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, wọ́n ní ẹni yòówù kó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, kò lè ṣe kó má mọ̀ pé ọta wọ̀nyẹn lè pa á. Ọlọ́run ló mọ ọkàn, èmi ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń wò, ilẹ̀kùn tẹ́nì kan ò béèrè ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Bá a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, ọ̀rọ̀ òkò nìkan tiẹ̀ làwọn baba wa ń sọ nígbà yẹn. Ìbọn tún wá burú ju òkò lọ, ọta ń gba ilẹ̀kùn pákó kọjá, ó ń gba ògiri tínrín kọjá, ó sì lè bá ọmọ tó ń sùn nínú yàrá kejì.

A máa ń bú Pétérù pé ó yára jù nínú ọgbà Gẹtisémánì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó ń ṣe ṣáájú, oorun ló ń sùn! Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ jí wọn ni, ìyẹn ò tíì sọ̀rọ̀ tán táwọn èèyàn fi ya dé, idà fò jáde, etí Málíkúsì já bọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí, ojú ẹ̀ ti là ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀ ṣì wà lọ́nà, ó ń bọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Jésù tó wà níbẹ̀ tó fọwọ́ kan etí yẹn tó sì san. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún bàbá yẹn pé abẹ́ ìrọ̀rí kọ́ nibi tó yẹ kó wà. Sééfù kékeré tó ń lo nọ́ńbà tàbí ìka ọwọ́ wà, èèyàn lè dè é mọ́lẹ̀ nínú yàrá, kì í pẹ́ ṣí rárá, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, àmọ́ ìwọ̀nba àkókò tẹ́ẹ fi ń tẹ nọ́ńbà yẹn, ọpọlọ yín á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé, kò sì ní rọrùn fún ọmọdé láti ṣí i. Ẹ má sọ fún mi pé orí wọ́dìróòbù lẹ gbé e sí, kò sí ibi tọ́mọ ò mọ̀ nínú ilé, ibi tẹ́ẹ ń tọ́jú bisikíìtì sí gan-an wọ́n mọ̀ ọ́n.

Kí n má gbàgbé, òfin ìjọba ló ṣáájú o. Tí òfin ibi tẹ́ẹ̀ ń gbé bá ní kẹ́ẹ gba láísẹ́ńsì, ẹ gbà á, tí wọn ò bá sì fún yín, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má lọ ra èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ kẹ́ẹ wá ní kí Ọlọ́run fi ẹ̀jẹ̀ bò yín. Ẹni tó bá sì gba tiẹ̀, kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó tún máa padà lọ, torí kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ ń mọ nǹkan lóru tí kò mọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n á kọ́ yín pé gbogbo ìbọn ni kẹ́ẹ kà sí pé ọta wà nínú ẹ̀, kẹ́ẹ má kọjú ẹ̀ sí ohun tẹ́ẹ ò fẹ́ pa run, kí ìka jìnnà sí ibi tí wọ́n ń fà títí ẹ ó fi pinnu, kẹ́ẹ sì mọ ohun tẹ́ẹ dojú kọ àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì náà, ọwọ́ kejì ni kó wà. Tó bá jẹ́ ara ìbọn nìkan lẹ de iná yín mọ́, kẹ́ẹ tó rí ojú èèyàn ẹ ti na ìbọn sí i nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ìyá yín ló jí lọ mumi.

Àmọ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi, ilẹ̀kùn ló ká mi lára jù. Mo lọ kí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jà lólè yẹn, ó ń sọ fún mi nípa ìbọn tó fẹ́ rà, mo wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀, síkúrù tó di irin kọ́kọ́rọ́ yẹn mú ò gùn tó ìka ọmọ ọwọ́, férémù lásán ló wọ̀, kò dé ara ògiri rárá. Ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n fi jan án. Ẹ fi síkúrù tó gùn tó íǹṣì mẹ́ta sí i, kó wọ inú ògiri lọ. Olè ò fẹ́ iná, kò fẹ́ ariwo, kò sì fẹ́ kí nǹkan pẹ́, nítorí náà iná tó ń tàn fúnra ẹ̀ tẹ́nì kan bá kọjá, ajá tó ń gbó, bóòtì ilẹ̀kùn tó yi, ìwọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ẹ bá ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ẹ fi irin sójú fèrèsé, ó dáa, àmọ́ ẹ rí i pé ọ̀kan ṣeé ṣí látinú ilé kí gbogbo ará ilé sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà, torí tí iná bá sọ lóru, irin tí ò jẹ́ kí olè wọlé ò ní jẹ́ kí ọmọ jáde.

Tẹ́ẹ bá wá gbọ́ ìró, ẹ má ṣe bí ọdẹ, ẹ má máa wá èèyàn kiri inú ilé nínú òkùnkùn. Ẹ ka àwọn ọmọ, ẹ kó gbogbo yín sí yàrá kan, ẹ tìlẹ̀kùn, ẹ pe ọlọ́pàá (fóònù tó ń sùn sí pálọ̀ lórí ṣáájà ò wúlò fún ẹni tó wà ní yàrá o), ẹ ké sókè pé ẹ ti pè wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Nígbà táwọn ọlọ́pàá bá dé, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, wọn ò mọ èwo ni onílé nínú yín.

Kí ẹ sì ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ará ilé ń sọ tí wọ́n bá wọlé lálẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àdá lèmi ń gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà kan, kí n tó di pásítọ̀, kò tiẹ̀ dé orí ìbọn. Lóru ọjọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún, mo mú un, mi ò tan iná torí mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn, mo dúró sí kọ̀rọ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, mo ti gbé ọwọ́ sókè tí ẹni yẹn fi wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo mọ ikọ́ yẹn láti kékeré ẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ni, wọ́n ti gba ìsinmi níléèwé, ó fẹ́ ká kàn jí láàárọ̀ ká bá òun nílé. Mi ò lè mí, ìyá ẹ̀ ló wá gba àdá lọ́wọ́ mi. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ méjì báyìí, tó bá sì ń bọ̀ wá kí wa, láti ìta ló ti máa ń pariwo, "Dádì, èmi ni o! Èmi ni o!", àní lọ́sàn-án gangan, táwọn aládùúgbò bá ń fi rẹ́rìn-ín, kò dá wọn lóhùn, èmi náà kì í sì í ní kó dákẹ́.