Kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà ló ń pa wọ́n

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ má gbà kí wọ́n la inú òun, pé owó ni èèyàn fi ń ra ikú. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ẹ̀dọ̀ kò rí bí àwọn ẹ̀yà inú yòókù. Bí ibi tí jẹjẹrẹ ò dé nínú rẹ̀ bá ṣì dá ṣáṣá, oníṣẹ́ abẹ lè gé ju ìdajì rẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ náà yóò sì tún dàgbà padà. Ẹ̀dọ̀ tí àìsàn ti mú kó le gbagidi ni kò ṣe é gé bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ní 1996, Mazzaferro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan, ní Ítálì, fi hàn pé bí kókó jẹjẹrẹ náà bá jẹ́ ẹyọ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tí kò ju mẹ́ta lọ tí ìkankan nínú wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 4. Mi ò ní parọ́ o: ti àwọn tí wọ́n kàn gé tiwọn, jẹjẹrẹ náà máa ń padà wá lára ọ̀pọ̀ wọn.

Tiwa ńkọ́? Ìwádìí kan lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó jáde ní 2017 wo orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ní Íjíbítì, ìdajì àwọn aláìsàn lo tó oṣù 11 kí wọ́n tó kú. Ní àwọn 8 yòókù, oṣù méjì ààbọ̀ ni. Ọ̀bẹ kò sì kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn rárá. Kókó ti gba gbogbo inú kí wọ́n tó délé ìwòsàn.

Ọkọ àbúrò mi lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ. Nọ́ọ̀sì kàn ní, “Ẹ̀jẹ̀ yín ò ṣe é lò,” ó sì fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ HBsAg sí, tí wọ́n fi bírò pupa fàlà sí nídìí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àmì àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ hepatitis B nìyẹn, pé àrùn náà ló ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nílẹ̀ wa. Ìwé yẹn wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àgbo ibà pọ́njú ló ń mu. Àwọn ará ilé ní àfọwọ́fà ni. Nígbà tó fi máa dójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú, dókítà ò rí ibi tó máa gé.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi ìgbẹ̀jẹ̀ àti lára àwọn aláboyún. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B wọ inú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa. Àwa tí wọ́n bí ṣáájú ńkọ́? Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí dókítà bá sì rí i pé ewu jẹjẹrẹ wà fún, kó máa ya àwòrán inú ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bi àwọn ilé ìwòsàn ìjọba léèrè: lẹ́yìn “ẹ̀jẹ̀ yín ò ṣe é lò,” kí ló kàn?

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣogbo